Omi Tútù Argyll: Ìrántí Ìgbà Tí Wọ́n Kọ́ Wa ní Ìmòòkùn

Ní agbedeméjì àwọn ọdún 1990, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó bá fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tó ń bẹ ní ìsàlẹ̀ òkun ìwọ̀-oòrùn Scotland ní láti kọ́kọ́ di amòòkùn. Kì í ṣe amòòkùn ìgbafẹ́ tó lọ wo ẹja aláràbarà níbi tí omi ti lọ́ wọ́rọ́wọ́, bí kò ṣe amòòkùn tí òfin mọ̀ pé iṣẹ́ ló gbé e wọ inú omi. Òfin ọdún 1981 nípa iṣẹ́ ìmòòkùn ni wọ́n ń lò ní Britain nígbà náà. Ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ àwa tí a ń ṣèwádìí ni wọ́n ń pè ní Part IV, ìyẹn ti ẹni tó pọn atẹ́gùn ara rẹ̀ sẹ́yìn wọ omi. Mo wà lára àwọn tí wọ́n kọ́ nígbà yẹn, ní etí òkun Argyll, nítòsí ìlú Oban. Ohun tó mú mi kọ ìrántí yìí ni pé àwọn olùkọ́ wa kọ̀ jálẹ̀ láti jẹ́ kí a kánjú. A bá ìmọ̀ wá, ara wa ti wà lọ́nà láti ka ẹran òkun. Wọ́n ní kí a kọ́kọ́ kọ́ bí òtútù ṣe ń ba ọgbọ́n ènìyàn jẹ́.

Ilẹ̀ Argyll kò rí gbọọrọ bí etí òkun tiwa. Òkun gba àárín àwọn òkè wọlé, ó ya di ẹ̀ka tóóró-tóóró tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní loch: Loch Etive, Loch Creran, Loch Linnhe. Ní Dunstaffnage, lẹ́bàá ilé olódi àtijọ́ kan tó jókòó lórí àpáta, ni ilé ìwádìí òkun wà. Gbòǹgbò ilé ìwádìí yìí lọ dé ọdún 1884, nígbà tí John Murray dá ibùdó ìwádìí òkun sílẹ̀ ní Granton, lẹ́bàá Edinburgh. Tí ènìyàn bá rìn díẹ̀ kúrò níbẹ̀ lọ sí Connel nígbà tí òkun bá ń fà, yóò rí i bí omi Loch Etive ṣe ń já bọ́ lórí àpáta lábẹ́ afárá, tó ń ru gùdù, tó ń hó. Falls of Lora ni wọ́n ń pè é. Ibẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ mú wa dúró sí, lórí ilẹ̀ gbígbẹ, kí a wo ohun tí ìṣàn omi lè ṣe.

Èkó ni mo ti wá. Ọ̀sà tí mo dàgbà sí lẹ́bàá rẹ̀ kì í tutù, ẹrẹ̀ rẹ̀ pọ̀, ojú kì í sì í ríran jìnnà nínú rẹ̀. Láti kékeré ni mo ti ń wo àwọn tó ń wa yanrìn ní ìhà Bariga àti Oworonshoki, tí wọ́n á di èémí mú, tí wọ́n á mú korobá dání, tí wọ́n á sì rì sísàlẹ̀ lọ kó yanrìn tí wọ́n fi kọ́ ìdajì ilé Èkó. Títí di òní, mi ò mọ amòòkùn tó nígboyà jù wọ́n lọ. Ṣùgbọ́n omi wọn kì í pa ọwọ́ wọn kú. Ní Argyll, inú oṣù Kẹta ni òkun máa ń tutù jù, nítorí pé omi kì í tètè sọ ooru rẹ̀ nù bí afẹ́fẹ́: yìnyín á ti jábọ́ tán ní oṣù Kìíní, òkun á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bọ́ sí òtútù tirẹ̀. Á wà ní nǹkan bíi dígírì 7 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Omi sì ń gba ooru kúrò lára ènìyàn ní nǹkan bí ìlọ́po 25 ju bí afẹ́fẹ́ ṣe ń gbà á lọ. Nígbà tí mo ṣàlàyé èyí fún ìyá mi lórí fóònù, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá bi mí pé, "Ṣé kò síṣẹ́ lórí ilẹ̀ mọ́ ni, ọmọ mi?" Mo ní, "Ó wà, Màámi, ṣùgbọ́n èyí ni mo fẹ́." Ó gbàdúrà fún mi, kò sì tún bi mí mọ́.

Olùkọ́ wa àgbà ti lo ọ̀pọ̀ ọdún nínú omi yẹn. Àwọn ọmọ Scotland tí a jọ ń kẹ́kọ̀ọ́ ń pe orúkọ rẹ̀ lásán, bí àṣà wọn. Ẹnu mi kò gbà á, Ọ̀gá ni mo ń pè é, ó sì ń dá mi lóhùn bẹ́ẹ̀. Kò ga, ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè, kì í sì í sọ ohun kan lẹ́ẹ̀mejì. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan sìlíńdà atẹ́gùn. Ó so okùn mọ́ wa nídìí, lẹ́nìkọ̀ọ̀kan, ó ní kí a wọ aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ lásán, kí a sì sọ̀kalẹ̀ lórí àkàbà èbúté wọ inú omi.

Ó fẹ́ kí a fi ara wa mọ ohun mẹ́ta tí òtútù ń ṣe, bí wọ́n ṣe ń tẹ̀lé ara wọn. Èyí àkọ́kọ́ kì í ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Bí omi náà bá ti kan àyà, ènìyàn á mí gúlẹ́ láìfẹ́, èémí á wá bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, ọkàn á máa lù kìkì. Bí orí bá wà lábẹ́ omi nígbà tí èémí àkọ́kọ́ yẹn dé, omi ni ènìyàn á fà símú. Púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ní òtútù ló pa ní òkun, ibẹ̀ yẹn ni wọ́n ti kú, kí ara wọn tó tutù rárá. Ọ̀gá ní kí a má bá èémí náà jà. Ó ní kí a di àkàbà mú, kí a máa tú èémí jáde díẹ̀díẹ̀, kí a dúró títí á fi rọlẹ̀. Ó sì máa ń rọlẹ̀.

Èkejì ni ọwọ́. Òtútù á wọ iṣan apá, ìka á le, ènìyàn á rí okùn lọ́wọ́ ara rẹ̀ kò sì ní mọ̀ pé òun dì í mú. Wọ́n gbé korobá omi oníyìnyín kalẹ̀ fún wa, wọ́n ní kí a ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, kí a dijú, kí a so okùn ní oríṣi tí wọ́n ti kọ́ wa, kí a sì tú u. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí a wọ ìbọ̀wọ́ nípọn, kí a tún un ṣe. Ohun tí ọmọdé lè ṣe lórí ilẹ̀ di iṣẹ́ àṣelàágùn. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé irinṣẹ́ ìwádìí tó ní bọ́tìnnì kékeré tàbí ìdè wẹ́wẹ́ kò yẹ kó wọ omi tútù.

Ẹ̀kẹta ló bà mí lẹ́rù jù, nítorí pé ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí kì í mọ̀. Ooru inú ara ènìyàn jẹ́ nǹkan bíi dígírì 37. Bí ó bá ti bọ́ sísàlẹ̀ 35, ọkàn á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣókùnkùn. Ṣùgbọ́n kí ó tó dé ibẹ̀ rárá, nígbà tí ara ṣì ń gbọ̀n lásán, ìrònú á ti máa falẹ̀. Wọ́n fún wa ní ìṣirò kéékèèké lórí ilẹ̀, a kọ ìdáhùn. Wọ́n fún wa ní irú rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ omi, lẹ́yìn tí a ti pẹ́ níbẹ̀, a kọ ìdáhùn sórí síléètì. Nígbà tí a gòkè tí Ọ̀gá tẹ́ síléètì méjèèjì síwájú wa, ìtìjú mú gbogbo wa, àti àwọn tó ti ní oyè ọ̀mọ̀wé. Kò fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ó kàn sọ pé bí ìṣirò ṣe rí yẹn náà ni ìpinnu rí, nítorí náà kí a máa ṣe gbogbo ìpinnu wa sórí ilẹ̀.

Gbólóhùn yẹn ni ìpìlẹ̀ gbogbo ẹ̀kọ́ náà. Kí ẹnikẹ́ni tó wọ omi, á jókòó pẹ̀lú ẹnìkejì rẹ̀ níwájú Ọ̀gá, á sọ ohun tó fẹ́ ṣe. Ọ̀gá á béèrè: Kí lẹ fẹ́ kà? Ta ni yóò kà á, ta ni yóò kọ ọ́? Bí okùn bá há ńkọ́? Bí ẹ kò bá rí ara yín mọ́ ńkọ́? Atẹ́gùn tó kù nínú sìlíńdà á jẹ́ mélòó kí ẹ tó kọjú sókè? Nígbà tí a bá dáhùn tán, á pa ìdajì iṣẹ́ náà rẹ́. Iṣẹ́ kan fún ìmòòkùn kan. Lákọ̀ọ́kọ́, inú ń bí wa. Nígbà tó yá, a rí i pé ìdajì tó kù yẹn nìkan ni ọwọ́ wa ń ká.

Lẹ́yìn èyí ni aṣọ. Aṣọ tí a ń lò ní Argyll kì í jẹ́ kí omi kan ara rárá. Rọ́bà fún ọrùn àti ọrùn ọwọ́ pinpin, a sì ń fi páúdà pa á kí ó má baà ya. Aṣọ onírun nípọn ló wà nínú rẹ̀, atẹ́gùn tó wà láàárín aṣọ méjèèjì ló ń dá òtútù dúró. Àrékérekè tirẹ̀ náà wà níbẹ̀. Bí a ṣe ń sọ̀kalẹ̀, omi ń fún atẹ́gùn náà pọ̀, aṣọ á máa fún ara títí á fi máa gé ẹran ara, a ní láti máa tú atẹ́gùn díẹ̀ sí i láti inú sìlíńdà. Bí a ṣe ń gòkè, atẹ́gùn náà ń fẹ̀, a ní láti máa tú u jáde, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á gbé ènìyàn fò lọ sókè. Bí ó bá sì sá lọ sí ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ á kọjú sókè, orí á kọjú sísàlẹ̀, ọ̀nà tí atẹ́gùn ń gbà jáde á wá wà nísàlẹ̀ níbi tí kò ti wúlò. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe èyí fún wa léraléra nínú omi tí kò jìn, títí a fi kọ́ bí a ṣe ń ká ara jọ, ká yí po, ká sì dúró padà.

Rẹ́gúlétọ̀ ni olórí ewu. Nínú sìlíńdà irin oní lítà 12 tí a ń gbé, wọ́n ti fún atẹ́gùn pọ̀ títí dé 232 bar. Iṣẹ́ rẹ́gúlétọ̀ ni láti rọ agbára yẹn sílẹ̀ kí ẹnu lè gbà á. Atẹ́gùn tó bá ń fẹ̀ lójijì sì máa ń tutù. Ẹni tó bá ti wo àwọn tó ń lẹ táyà lẹ́bàá títì, tí wọ́n tẹ imú táyà kí ó lè sọ̀, tó sì fi ọwọ́ sí atẹ́gùn tó ń tú jáde, ti mọ̀ ọ́n lára. Nínú omi tútù, ọ̀rinrin lè di yìnyín lára rẹ́gúlétọ̀, kí ojú rẹ̀ ṣí sílẹ̀, kí atẹ́gùn máa tú jáde láìdáwọ́ dúró. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, sìlíńdà á ṣófo. Òfin ilẹ̀ Yúróòpù ka omi tí kò tó dígírì 10 sí omi tútù, wọ́n sì ń dán rẹ́gúlétọ̀ wò lọ́tọ̀ fún un. Àwọn olùkọ́ wa kò gbára lé ìdánwò yẹn nìkan. Wọ́n kọ́ wa pé kí a má fi rẹ́gúlétọ̀ mí nínú afẹ́fẹ́ òwúrọ̀ ká tó wọ omi. Wọ́n kọ́ wa pé kí a má fa èémí ní ìṣẹ́jú kan náà tí a ń tú atẹ́gùn sínú aṣọ. Bí ó bá sì ṣẹlẹ̀ náà, kí a la ẹnu díẹ̀, kí a máa mu nínú atẹ́gùn tó ń tú lọ, kí a di ẹnìkejì wa mú, kí a gòkè ní ìwọ̀n tó yẹ. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi ní Loch Linnhe ní oṣù Kejì. Atẹ́gùn bo ojú mi, mi ò rí nǹkan kan, ariwo gba etí mi. Ẹnìkejì mi, ọmọbìnrin ará Norway kan, ti di okùn èjìká mi mú kí n tó nawọ́ sí i. A gòkè bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Ẹ̀rù kò ráyè wọlé, nítorí pé ara ti mọ ohun tí ó máa ṣe.

Lókè omi, kò sí ẹni tó jókòó lásán. Ẹnìkan di okùn mú. Ẹnìkan kọ àkókò. Ẹnìkan sì wọ aṣọ ìmòòkùn tán pátápátá, ó jókòó sétí ọkọ̀ nínú òjò, kò ní iṣẹ́ mìíràn ju pé bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, òun ni yóò wọ omi. Mo ti jókòó bẹ́ẹ̀ nígbà púpọ̀, títí ètè mi fi dúdú. Èdè okùn kò ju díẹ̀ lọ: ẹ fà á lẹ́ẹ̀kan, ṣé àlàáfíà ni, lẹ́ẹ̀mejì, dúró síbẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹta, sọ̀kalẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹrin, gòkè, bí ẹ bá fà á láìdáwọ́ dúró, wàhálà ti dé. Ọ̀gá ní òun lè mọ irú ènìyàn tí akẹ́kọ̀ọ́ kan jẹ́ nípa bó ṣe di okùn ẹlòmíràn mú.

Etí òkun Argyll yẹn kan náà ni wọ́n ti wá bí amòòkùn á ṣe padà sókè láìkú. Nínú omi jíjìn, náítírójìn inú atẹ́gùn tí a ń mí máa ń yọ́ wọ inú ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara. Bí ènìyàn bá sáré gòkè, á di ìhó kéékèèké, á lọ há sí oríkèé tàbí sí ọ̀pá ẹ̀yìn. Lọ́dún 1906, John Scott Haldane, ọmọ bíbí Edinburgh, lẹ́yìn tó ti fi ewúrẹ́ dán ìṣirò rẹ̀ nípa bí a ṣe ń gòkè wò ní London, wá sí Loch Striven pẹ̀lú ọkọ̀ ogun HMS Spanker. Àwọn amòòkùn ọmọ ogun ojú omi méjì, Damant àti Catto, sọ̀kalẹ̀ dé ẹsẹ̀ bàtà 210, wọ́n sì gòkè ní ìdúró-ìdúró bí ìṣirò náà ṣe ní kí wọ́n ṣe, láìfarapa. Ọmọ rẹ̀ Jack, ọmọ ọdún 13, wọ omi nínú ìrìnàjò yẹn pẹ̀lú aṣọ àgbàlagbà tó tóbi jù ú lọ, omi tútù wọlé dé ọrùn rẹ̀. Ìwé tí Haldane àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 1908 ni bàbá àwọn tábìlì tí a fi ń ṣírò àkókò wa. Ọ̀gá fi tirẹ̀ kún un: lọ́jọ́ tí òtútù bá pọ̀, ó máa ń ní kí a ṣírò bí ẹni tó jìn ju ibi tí a dé lọ, nítorí pé apá àti ẹsẹ̀ tó ti tutù kì í tètè tú náítírójìn sílẹ̀.

Ó máa ń sọ ìtàn àwọn tó ti ṣe iṣẹ́ náà ṣáájú wa, kì í sì í fi ìtàn ikú pamọ́. Nípasẹ̀ rẹ̀ ni mo fi gbọ́ nípa Jack Kitching, tó fi akoto irin tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí láti òkè wọ inú igbó koríko òkun ní Carsaig, ní Argyll níbẹ̀ náà, láàárín àwọn ọdún 1930, tó sì tẹ ìwádìí náà jáde lọ́dún 1941, kí aráyé tó gbọ́ nípa ohun èlò ìmí abẹ́ omi tí Cousteau àti Gagnan ṣe ní 1943. Ó sọ ti Conrad Limbaugh fún wa, ọ̀gá ìmòòkùn ní ilé ìwádìí òkun Scripps ní California, ọ̀kan lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣètò ẹ̀kọ́ ìmòòkùn fún àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ní oṣù Kẹta ọdún 1960, Limbaugh wọ ihò abẹ́ omi kan lẹ́bàá Cassis ní Faransé, kò sì padà. Ọ̀gá á sọ pé olùkọ́ gbogbo wọn ni ọkùnrin náà, á wá dákẹ́, á sì ní kí a tún sìlíńdà wa yẹ̀ wò.

Nígbà tó yá, wọ́n jẹ́ kí a ṣe ohun tí a bá wá. Lẹ́yìn òjò, omi tó ń ṣàn bọ̀ láti orí òkè máa ń pọ́n, nítorí ilẹ̀ koríko jíjẹrà tó gbà kọjá, kò sì ní iyọ̀, nítorí náà orí omi òkun ló máa ń léfòó sí. A ó wọ inú pípọ́n yẹn, ìmọ́lẹ̀ á ṣú, ojú á máa rí ìwárìrì níbi tí omi méjèèjì ti pàdé, lójijì a ó jábọ́ sínú omi tó mọ́ gaara tó sì dúdú. Ibẹ̀ ni a ti ń tan iná. Nínú ẹrẹ̀ Loch Linnhe, a rí ihò àwọn edé ńlá tí àwọn apẹja ń tà lọ sí Spain, ọ̀kan-ò-jọ̀kan, pẹ̀lú onílé tó nawọ́ sẹ́nu ọ̀nà. Lára àpáta, ìràwọ̀ òkun wẹ́wẹ́ tẹ́ra wọn lórí ara wọn débi pé kò sí ibi tí ènìyàn lè fi ìka kàn.

Ṣùgbọ́n Loch Creran ni ọkàn mi ń lọ sí jù. Ekòló òkun kan wà níbẹ̀, Serpula vermicularis, tó ń fi ẹfun kọ́ ihò funfun yí ara rẹ̀ ká. Ní ibi tó pọ̀ jù lọ láyé, á dá wà lórí òkúta. Ní Loch Creran, wọ́n ń kọ́lé lórí ilé ara wọn títí á fi di òkìtì tó lè ga dé nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 75, gbogbo orí rẹ̀ kún fún abẹ̀bẹ̀ pupa, òféfèé àti funfun. Bí òjìji ènìyàn bá kọjá lórí wọn, gbogbo abẹ̀bẹ̀ náà á wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìdákọ̀ró kan ṣoṣo tí ọkọ̀ jù sílẹ̀ lè fọ́ ohun tí wọ́n ti ń kọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹsẹ̀ amòòkùn aláìnísùúrù náà sì lè fọ́ ọ. Ibẹ̀ ni ó ti yé mi ìdí tí wọ́n fi dá wa dúró pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lórí aṣọ àti èémí. Láti ka ẹran inú férémù onígun mẹ́rin láìfọwọ́ kan òkìtì, ènìyàn ní láti lè dúró sójú kan nínú omi, kó má gòkè, kó má sọ̀kalẹ̀, kó máa fi èémí nìkan gbé ara rẹ̀. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ní Loch Creran, mo fi ojú mi rí i.

Síléètì àti pẹ́ńsùlù ni ìwé wa. Kámẹ́rà Nikonos wà, ṣùgbọ́n fíìmù kan kò gbà ju àwòrán 36 lọ, kò sì ṣeé pààrọ̀ lábẹ́ omi, nítorí náà a ń ro àwòrán kọ̀ọ̀kan dáadáa. Ènìyàn méjì ló ń ka férémù kan náà, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, láìwo síléètì ara wọn. Bí òtútù bá ti ń wọra, iye tí a ń kọ máa ń dín kù. Kì í ṣe pé ẹran tán níbẹ̀, ojú ló ti rẹ̀ tí ọwọ́ sì fẹ́ kí iṣẹ́ parí. Bí síléètì méjèèjì kò bá ti bára mu mọ́, wọ́n á ju àwọn férémù tó gbẹ̀yìn nù, a ó padà lọ́jọ́ mìíràn. Mo ti jókòó nínú àwọn ìpàdé ìmọ̀ láti ìgbà náà wá, mo ti rí nọ́ńbà dáradára lórí ògiri, ohun àkọ́kọ́ tí mo sì máa ń béèrè ni bí omi náà ṣe tutù tó àti bí ẹni tó kà wọ́n ṣe pẹ́ níbẹ̀ tó.

Ìgbà náà ti lọ. Òfin tuntun tí wọ́n ṣe ní 1997 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹrin ọdún 1998, ó sì ní ìlànà tirẹ̀ fún àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì àti awalẹ̀pìtàn. Lọ́dún 2000, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù pàdé ní Banyuls-sur-Mer ní Faransé, wọ́n fẹnu kò lórí ìwọ̀n kan náà: ẹni tó bá fẹ́ jẹ́ amòòkùn ìwádìí ní Yúróòpù gbọ́dọ̀ ti mòòkùn nígbà 70, kí 20 nínú rẹ̀ jẹ́ ti iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì, ẹni tó bá fẹ́ máa darí ẹlòmíràn, nígbà 100. Lọ́dún 2003, Kirsty Brown, onímọ̀ ẹran òkun ọmọ Britain, kú sọ́wọ́ séálì ńlá kan ní Rothera ní Antarctica. Láti ìgbà náà, wọ́n ní láti ṣọ́ ojú omi níbẹ̀ dáadáa kí ẹnikẹ́ni tó wọ ọ́. Bí òfin iṣẹ́ yìí ṣe rí nìyẹn. Ènìyàn kan ló wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Nísinsìnyí, ẹ̀rọ aláìlẹ́mìí ń sọ̀kalẹ̀ dé ibi tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò lè dé, ó ń dúró níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, òtútù kì í mú un. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń náwó sí ìwádìí pé kí ni a tún fẹ́ fi ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kọ́ ọ̀dọ́ kan sí nínú omi tútù. Mi ò fara mọ́ ọn. Ẹ̀rọ kì í rọra gbé òkúta sókè kó wo abẹ́ rẹ̀, kó sì dá a padà síbi tó wà. Kì í rí ohun tí kò sí ẹni tó ní kó wá. Àwọn tó fẹ́ gé ẹ̀kọ́ náà kúrú ń gé ibi tó níye lórí jù nínú rẹ̀, nítorí pé ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn, tí a kò fọwọ́ kan sìlíńdà, ló mú kí gbogbo nọ́ńbà tí mo kọ lẹ́yìn náà ṣeé gbà gbọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa òkun, ì báà jẹ́ ní Èkó, ní Cotonou tàbí ní Glasgow, bí wọ́n bá fún yín ní àyè láti kọ́ irú ìmòòkùn yìí, ẹ gbà á. Ẹ kọ́kọ́ kọ́ bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ dáadáa. Ẹ má fi káàdì ìgbafẹ́ tí ẹ gbà nínú omi gbígbóná lọ ṣe iṣẹ́ nínú omi tútù, ẹni yòówù tó bá ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ béèrè ẹni tí yóò di okùn yín mú, ẹni tí yóò wọ aṣọ tán tí yóò máa dúró dè yín, àti ibi tí yàrá onírin tí wọ́n fi ń tọ́jú amòòkùn tó ṣèṣe wà, àti bó ṣe jìnnà tó. Bí wọn kò bá lè dá yín lóhùn kíákíá, ẹ bọ́ aṣọ, ẹ padà sílé.